Bí Ìwé Olóyè Afìwéṣọlá Ṣe Di Àwátì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ ìkómọ, Tísà Dúródọlá wo ilé tirẹ̀ dáadáa. Ó rí àpótí ìwé, ó rí àdá tó fi ń roko iṣu lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Gbọ́láhàn. Ó gbà pé ọmọ náà yóò gbé ọlá ìdílé jáde kí ayé rí i. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọ yìí yóò gbé ọlá jáde láàárọ̀, yóò gbé e jáde lọ́sàn-án, yóò tún gbé e jáde lálẹ́, títí yóò fi rẹ ọlá fúnra rẹ̀.

Òkè-Ìrókò-Èkìtì ni ìlú wọn. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà láti Ayédé, tí ẹ ń lọ sí Ìlúpéjú, tí ẹ rí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí ẹ̀bá títì, ẹ yà sí ọwọ́ òsì. Ẹ ó rí ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri rẹ̀, tí àwòrán náà tóbi ju ilẹ̀kùn ilé lọ. Ilé ìkàwé nìyẹn. Ọkùnrin inú àwòrán náà ni Gbọ́láhàn, ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ṣe Alábòójútó Àgbà níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Kí òrùlé má jò, kí ìwé má sọnù, kí àwọn ọmọ ilé ìwé rí ibi jókòó, ó parí. Ẹni tó bá ti ní kọ́kọ́rọ́ àti ìgbálẹ̀ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Gbọ́láhàn sọ ọ́ di ìtẹ́. Kò ní wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ àfi bí igbákejì rẹ̀, Káyọ̀dé, bá kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kéde rẹ̀ fún àwọn àga àti tábìlì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Káyọ̀dé, ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni ahọ́n. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sín, yóò ní òjò ìmọ̀ ti fẹ́ rọ̀. Bí ọ̀gá bá sùn lọ lórí tábìlì, yóò ní kí gbogbo ènìyàn rọra máa rìn, ọ̀gá ń ronú nípa ọjọ́ iwájú Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ ìhanrun ọ̀gá ń mi fèrèsé.

Nígbà tó yá, Kábíyèsí fi Gbọ́láhàn jẹ Afìwéṣọlá. Oyè ìdánilọ́lá lásán ni o, irú èyí tí ọba máa ń fún ẹni tó bá ti yọ ọ́ lẹ́nu jù. Kò bá ilẹ̀ rìn, kò sì ní àga láàfin. Àmọ́ àṣà kan wà ní ìlú náà. Ẹni tó bá joyè ìdílé, tó wọ ilé oyè tó sì jáde, a kì í pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣì í pè, òbúkọ kan ni ìtánràn rẹ̀ láàfin. Àwọn olóyè àtìrandíran ni àṣà yìí wà fún. Gbọ́láhàn gbọ́, ó ní ó kan òun náà. Kábíyèsí rò pé àwàdà ló ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Kí ọba tó rẹ́rìn-ín tán, Káyọ̀dé ti lẹ ìkéde mọ́ ara igi ní oríta.

Báyìí ni òbúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ààfin. Onígbàjámọ̀ tó ti ń gé irun Gbọ́láhàn láti kékeré san ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ka ìwé ní Ìkọ̀lé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, na orí láti inú mọ́tò pé, "Gbọ́lá, ṣé dáadáa ni?" Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ṣe, ó ti ń ná òbúkọ lọ́jà. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìlú kọ́gbọ́n. Wọ́n ń pè é ní Olóyè lójúkojú. Ohun tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ẹ má bi mí.

Ibì kan ṣoṣo ni orúkọ náà kò tíì kúrò. Nígbà tí Tísà Dúródọlá dàgbà, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá sí ilé ìkàwé. Ó ní kí ìlú máa kà á, kí ọmọ òun máa tọ́jú rẹ̀. Nínú ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ti fi ọwọ́ ìkọ̀wé tísà, tó dúró ṣánṣán, kọ ọ́ pé: "Ìwé Dúródọlá ni. Bí mo bá lọ, ti Gbọ́láhàn ọmọ mi ni. Ẹni tó bá yá a, kó dá a padà." Àwọn ọmọ ilé ìwé á ṣí ìwé, wọ́n á kà á sókè bí ọmọdé ti máa ń ka ohun gbogbo tó bá wà nínú ìwé. Olóyè Afìwéṣọlá á wà ní ọ́fíìsì, á máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ìhòòhò, láìsí oyè, láìsí ẹ jọ̀ọ́. Ta ni yóò gba òbúkọ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì yọ eyín iwájú tán?

Ó ní kí Káyọ̀dé fi yíǹkì pa orúkọ náà rẹ́. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀, yíǹkì náà gba ara bébà kọjá sí ojú kejì, ó pa ẹ̀kọ́ inú ìwé rẹ́, orúkọ sì tún hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n tó ju ọgbọ́n lọ sọ sí Olóyè lọ́kàn. Bí orúkọ kò bá kúrò nínú ìwé, ìwé ni kó kúrò nílé.

Ó lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀. Káyọ̀dé ló fi í han àwọn ènìyàn, ìfihàn náà sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi ní kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì wá.

"Ẹ̀yin aṣíwájú," ni Olóyè bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá òkè mọ́ra. "Ìwé bébà ti di ohun àná. Ikán ń jẹ ẹ́, eku ń bímọ sínú rẹ̀, òjò ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ta ló ti rí ikán tó jẹ ìwé orí ẹ̀rọ rí? Mo fẹ́ gbé Òkè-Ìrókò gun ìkùukùu. Mo fẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ na ọwọ́, kó já ìmọ̀ jẹ bí ẹni já ọsàn."

Káńsílọ̀ kan láti Ààyè na ọwọ́ sókè, ó bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí kò bá sí iná. Olóyè wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Iná wo ló ju ìmọ́lẹ̀ ìmọ̀ lọ?" Káyọ̀dé pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù náà pàtẹ́wọ́, ìbéèrè náà kú síbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Àyànfẹ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ rírà náà lé lọ́wọ́. Òun ni ọmọbìnrin tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà nílé ìkàwé, ó ti yunifásítì dé, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún Olóyè pé bí a ṣe ń ra ìwé bébà kọ́ ni a ṣe ń ra ìwé orí ẹ̀rọ. Ìwé bébà, bí o bá ti rà á, tìrẹ ni. O lè yá ènìyàn, o lè tà á, o lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ti orí ẹ̀rọ, àṣẹ láti kà á ni wọ́n tà fún ọ, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ oníwèé. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń tà fún ilé ìkàwé, orúkọ ilé ìkàwé ni yóò wà lórí rẹ̀, gbogbo ìlú yóò máa kà. Òmíràn wà fún ẹnì kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ fi fún ẹlòmíràn, kò sì ṣeé jogún.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, "orúkọ ilé ìkàwé" nìkan ni Olóyè gbọ́, inú sì bí i. "Ṣé kí ògiri máa jẹ́ oníwèé, kí èmi tí mo ronú rẹ̀ máa wò?" Ó ní kí Àyànfẹ́ ra gbogbo rẹ̀ sórí àkáǹtì tí òun fúnra òun ti ṣí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó láti ọjọ́ pípẹ́. Àyànfẹ́ ní kò bójú mu. Olóyè ní ojú ta ni. Àyànfẹ́ rà á.

Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ó fi máa ka ìwé náà, dé nínú páálí, wọ́n ń dán gbinrin. Olóyè wọ agbádá kó tó tan èyí àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà kọ orin kékeré kan, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Káàbọ̀, Gbọ́láhàn."

Ẹ gbọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó tan òmíràn, èyí náà kí i bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Káyọ̀dé tan ìyókù, gbogbo wọn sì tò sórí tábìlì, wọ́n ń pe Alábòójútó Àgbà lórúkọ bí ẹgbẹ́ wọn, kò sí èyí tó kúnlẹ̀. Àkáǹtì ọjọ́ pípẹ́ ni, orúkọ àbísọ ló fi ṣí i. Bàbá rẹ̀ fi gègé pè é, ó sá, ó wá lọ fi owó ìjọba ra ohun tí yóò máa pè é ní ojoojúmọ́. Káyọ̀dé, tí kò fẹ́ kí ọ̀gá banú jẹ́, dábàá pé kí àwọn bu òbúkọ fún ẹ̀rọ náà. Àyànfẹ́ jáde síta kó lè rí ibi rẹ́rìn-ín.

Olóyè ní kí wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà kíá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀, Àyànfẹ́ ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń jẹ́ Gbọ́láhàn Dúródọlá kò sí mọ́. Ó ti wọ ilé oyè, ẹni tó jáde kì í ṣe ẹni tó wọlé. Ẹlòmíràn ni, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú ohun gbogbo. Nítorí náà, kí wọ́n kó gbogbo ìwé tí ẹni àná yẹn ní fún Olóyè Afìwéṣọlá ti Òkè-Ìrókò, tí í ṣe arọ́pò rẹ̀.

Èsì dé ní ọjọ́ kejì. Àyànfẹ́ kà á sókè.

"Wọ́n ní: ṣé òótọ́ ni pé Gbọ́láhàn Dúródọlá kò sí mọ́, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ gba ìwé rẹ̀? Wọ́n ní kí a tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá, bí a bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù fún yín."

"Ṣé orúkọ yẹn ṣì wà nínú ìyókù ọ̀hún?"

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa."

"Má kà á sí mi létí. Tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀gá, ẹ farabalẹ̀."

"Àyànfẹ́, ṣé o ní òbúkọ nílé ni?"

Àyànfẹ́ kò ní òbúkọ nílé. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ yóò parí kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.

Inú Olóyè dùn. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé bébà jáde sí gbangba iwájú ilé ìkàwé. Ète rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ ìṣílé, lójú Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ láti Adó, òun yóò ṣáná sí òkìtì ìwé náà, kí ayé mọ̀ pé àkókò tuntun dé. Káyọ̀dé ní ọgbọ́n náà ga, ó lọ ra kẹrosíìnì. Olóyè sì ti ń lá àlá. Wọ́n ní Kọmíṣánnà ń wá ẹni tí yóò fi ṣe olórí gbogbo ilé ìkàwé ní ìpínlẹ̀, Olóyè sì ti wọn agbádá ọjọ́ náà wò níwájú dígí.

Ọ̀rọ̀ iná náà dé etí ìyá rẹ̀. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti dàgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó rìn láti ilé rẹ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà dé ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀. Káyọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kọ́kọ́ kéde oyè. Màmá fi ọ̀pá tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbọ́láhàn," ni ó wí.

Káyọ̀dé di orí mú. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rán Màmá létí òfin òbúkọ.

"Èmi ni mo bí i, èmi àti bàbá rẹ̀ la sọ ọ́ lórúkọ. Bí òbúkọ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni ẹ jẹ." Màmá jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, wọ́n ní uná lo fẹ́ fi sun ùwé bàbá rẹ. Kò sí ulé, kò sí mọ́tò tí bàbá rẹ fi sílẹ̀. Ùwé yìí ni gbogbo uṣẹ́ ayé rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kó o fún mi. Màá rí ibi tò ó sí."

Olóyè Afìwéṣọlá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, nǹkan kan sì gbọ̀n nínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé wà nítòsí, Kọmíṣánnà ń bọ̀, wọ́n sì ti tẹ ìwé ìkésíni tí ọ̀rọ̀ iná wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ kéré sí ohun tí mo rà. Ẹ wá ní ọjọ́ náà, ẹ ó rí i. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè jó, kò lè jí, tí yóò jẹ́ tèmi títí ayé."

Màmá dìde. Kò gégùn-ún, kò sunkún. Ó ní òun yóò wá.

Ó sì wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti gbé àpótí ìjókòó tí ó máa ń lò nídìí ààrò wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ìwé, ó jókòó, ó ṣí agboòrùn. Káyọ̀dé gbìyànjú láti gbé e kúrò, Màmá gbé ọ̀pá sókè. Bí àlejò ti ń dé, kò sí ẹni tí kò kọ́kọ́ kí Màmá kó tó lọ sábẹ́ àtíbàbà. Àwọn kan tilẹ̀ kí i pé ẹ kú ìjókòó, bí ẹni tó wà nílé òkú.

Kọmíṣánnà dé, obìnrin kúkurú kan tí kì í fi àkókò ṣòfò. Àlúfáà Áńgílíkà gbàdúrà, Fadá gbàdúrà, Pásítọ̀ gba tiwọn tó gùn ju ti àwọn méjèèjì lọ. Káyọ̀dé ka oyè. Olóyè wá dìde, ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò ní apá kan àtíbàbà sí apá kejì. Ó ní òyìnbó kan wà nígbà láéláé tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun sì ni ẹni tí yóò fi òpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ òyìnbó náà. Ó ní ní ọjọ́ òní, òun, Afìwéṣọlá, ni oníwèé tó pọ̀ jùlọ láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Kọmíṣánnà kó ṣí i.

Kọmíṣánnà tẹ̀ ẹ́. Orin kékeré kọ. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Obìnrin náà gbé gíláàsì rẹ̀ sójú.

"Olóyè, wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò sí ìwé kankan. Wọ́n ní a ti ti àkáǹtì yìí pa."

Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyọ kan ló ń ṣàìsàn. Ó gbé òmíràn. Ó gbé ìkẹta. Káyọ̀dé ń sáré gbé wọn wá, ó ń sáré gbé wọn padà, gbogbo wọn ń sọ nǹkan kan náà. Agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lára Olóyè. Ó ní kí Àyànfẹ́ pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù, Káyọ̀dé sì, nínú ìtara pé kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bí ọ̀gá òun yóò ṣe bá wọn wí, gbé gbohùngbohùn sí ẹnu fóònù.

Ohùn ọmọbìnrin kan jáde láti inú àpótí ohùn, ó tutù, ó ní Ọpẹ́yẹmí ni òun, ta ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

"Olóyè Afìwéṣọlá ti Òkè-Ìrókò, Alábòójútó Àgbà."

"Ẹ má bínú, sà, ẹ kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa."

"Èyí tí ó wà lórúkọ ẹni àná ni mò ń wí."

"Áà, ti olóògbé Gbọ́láhàn Dúródọlá. Sà, gbogbo wa níbí ń bá yín kẹ́dùn. Ẹ kọ̀wé sí wa pé wọn kò sí mọ́, a bi yín léèrè, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá gba àṣẹ ìkàwé, òun nìkan ni àṣẹ náà wà fún. Bí kò bá sí mọ́, ó parí. Kò lè fi sílẹ̀ fún ọmọ, kò sì lè fi sílẹ̀ fún olóyè. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ohun tí a fi ránṣẹ́."

Agboòrùn Màmá Àbẹ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó dìde láìmú ọ̀pá.

"Ta ló sọ fún wọn pé ọmọ mi kò sí mọ́?"

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rí ìdáhùn náà lójú rẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó dun gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ, torí àwọn ìyá pọ̀ níbẹ̀.

Ojú tì Olóyè débi tí kò mọ ibi tó fẹ́ gbé e sí. Ṣùgbọ́n Kọmíṣánnà ń wo aago, ipò ńlá sì ń fò lọ lójú rẹ̀. Ó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Káyọ̀dé.

"Èmi ni Gbọ́láhàn."

"Òbúkọ kan," ni onígbàjámọ̀ wí láti ẹ̀yìn.

"Ẹ gbọ́ mi, ọmọbìnrin, mo ní mo wà láàyè. Èmi gan-an ni Gbọ́láhàn Dúródọlá."

"Òbúkọ kejì."

Ọpẹ́yẹmí mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́, sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan yóò pe ara rẹ̀ ní olóògbé kó lè gba ìwé olóògbé. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tu ìdílé nínú, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rín ni ẹ̀ ń wá ni? Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àlúfáà, Fadá sì fi ìwé àdúrà bo ẹnu. Kọmíṣánnà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ni òun wá wò láti Adó, ṣé kò wá sí ìwé kankan ní ilé ìkàwé yìí ni?

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú òkìtì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e fún un. Kọmíṣánnà ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. "Ìwé Dúródọlá ni. Bí mo bá lọ, ti Gbọ́láhàn ọmọ mi ni." Ó gbójú sókè. "Ta ni Gbọ́láhàn?"

Òbúkọ ti wọ́n. Àwọn kan ń wo ojú ọ̀run, àwọn kan ń wo bàtà wọn. Káyọ̀dé, tí kò jẹ́ kí ẹnu sinmi rí láyé rẹ̀, ń wo ìdí igi kan bí ẹni pé ó fẹ́ rà á.

"Èmi ni, mà," ni Gbọ́láhàn wí nígbẹ̀yìn. Ó rọra sọ ọ́, kò lo gbohùngbohùn.

"Ìwé tí bàbá yín kọ orúkọ yín sí ni ẹ fẹ́ dáná sun?"

Kọmíṣánnà na ọwọ́, ó gba ìṣáná lọ́wọ́ Káyọ̀dé, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé kó ìwé padà sórí pẹpẹ, ó sì dúró títí wọ́n fi kó èyí tó kẹ́yìn wọlé. Lẹ́yìn náà ó dágbére fún Màmá Àbẹ̀kẹ́, ó wọ mọ́tò. Kò dágbére fún ẹlòmíràn.

Kí oṣù tó parí, ìjọba ìbílẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gbọ́láhàn, wọ́n gbé e fún Àyànfẹ́. Káyọ̀dé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti wá oyè fún un. Àyànfẹ́ gbé àkàbà lé e lọ́wọ́, ó ní òrùlé ń jò. Ní ààfin, Kábíyèsí ní òfin tí Gbọ́láhàn fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò, kí ó san òbúkọ rẹ̀ pé. Onígbàjámọ̀ ló bá wọn pa àwọn òbúkọ náà, ó sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Ní ti oyè, Kábíyèsí ní òun kò rí ìwé tí ọkùnrin náà yóò máa fi ṣọlá mọ́, nítorí náà kí ó sinmi.

Gbọ́láhàn sinmi títí ilé fi sú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọ fìlà tí kò gùn, ó lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde. Màmá ní kó dìde, àbí ó fẹ́ fi àyà gbálẹ̀ ni. Ó gbé ìwé kan wá láti inú yàrá, èyí tó gbé fún Kọmíṣánnà lọ́jọ́ náà, tí Àyànfẹ́ ní kó máa mú lọ.

"Tìrẹ ni," ni Màmá wí. "Bàbá rẹ ti kọ ọ́. O kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni l'Ékòó."

Gbọ́láhàn ṣí i. Ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi, ó sì tún fúyẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ ọmọ òun obìnrin, Ìníolúwa, sísàlẹ̀ rẹ̀, kí òun náà mọ̀ pé tirẹ̀ ni lọ́jọ́ iwájú. Màmá gbé gègé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ tirẹ̀: "Ìwé Olóyè…"

Màmá wúkọ́.

Mo ti rí ìwé náà, Gbọ́láhàn ti gbé e padà sí ilé ìkàwé Òkè-Ìrókò, ẹ lè lọ yá a. Ìlà kan wà tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìwé Gbọ́láhàn ni. Bí mo bá lọ, ti Ìníolúwa ọmọ mi ni." Bí ẹ bá yá a, ẹ dá a padà.